Pílánẹ́ẹ̀tì Olóòrùn Méjì: Ibi Tí A Ti Bá A Lè Má Jẹ́ Ibi Tí Wọ́n Ti Bí I

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ wa rèé: "Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan l'Óṣogbo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ka ìròyìn pé pílánẹ́ẹ̀tì kan wà tó ní oòrùn méjì, wọ́n sì ní kí n ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kò dá mi lójú pé irú ẹ̀ lè wà, torí bí ọ̀kan bá ń fà á síhìn-ín, èkejì á máa fà á sọ́hùn-ún, títí yóò fi já bọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ kan ní rárá o, pé ṣe ló máa ń rìn bíi nọ́mbà 8 láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà nínú wa? Báwo sì ni eruku ṣe fẹ́ kóra jọ di pílánẹ́ẹ̀tì níbi tí kò ti sí ìfọ̀kànbalẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú wọn síra. Èkínní ni pé, bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ti wà níbi tí ìràwọ̀ méjì ti ń yí ara wọn po, ṣé ó lè pẹ́ níbẹ̀? Èkejì ni pé, ṣé ibẹ̀ gan-an ni gáàsì àti eruku ti lè kóra jọ tí wọ́n fi dà á? Èkínní kò le. Ìwé àti bírò tó o. Èkejì ló ń mú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ làágùn títí dòní, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rí lẹ́bàá ìràwọ̀ méjì ló jókòó síbi tí ìṣirò ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n lè dá sílẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ìjiyàn tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé àwọn ènìyàn ń fi ìdáhùn ọ̀kan dá èkejì lóhùn ni.

Ti nọ́mbà 8 ni ká kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ènìyàn lè ya irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí ìwé, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba àárín ìràwọ̀ méjèèjì kọjá, ìyàtọ̀ kékeré nínú àsìkò tàbí eré rẹ̀ á di ńlá nígbà tó bá tún padà. Láàárín ìyípo mélòó kan péré, yálà kí ọ̀kan gbé e mì tàbí kí wọ́n jù ú dànù sínú òkùnkùn. Ohun tí ẹ̀yin náà sọ, òótọ́ ni bí pílánẹ́ẹ̀tì bá sún mọ́ àwọn ìràwọ̀ méjèèjì jù. Bó bá jìnnà, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti òkèèrè, òòfà àwọn méjèèjì máa ń ṣiṣẹ́ bíi ti ohun kan ṣoṣo tó wà ní ojúkò ìwúwo wọn. Ohun tó kù ni ìgbọ̀nrìrì kékeré tí yíyípo wọn ń fà, èyí sì ń yára lọ sílẹ̀: bí àlàfo bá di ìlọ́po méjì, òòfà gbogbogbò á di ìdá kan nínú 4, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì á di ìdá kan nínú 16. Nítorí náà ibi méjì ni ààbò wà. Pílánẹ́ẹ̀tì lè yí ìràwọ̀ méjèèjì po láti ìta, tàbí kó fara mọ́ ọ̀kan ṣoṣo tímọ́tímọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èkejì ò fi ní lè já a gbà.

Láti ibí lọ, bí mo bá sọ pé nǹkan kan wà ní "àlàfo-ayé" báyìí báyìí, àlàfo tó wà láàárín ayé wa àti oòrùn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà.

Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kà nípa rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kepler-16b. Ní 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀, lẹ́yìn tí awò ọ̀run Kepler ti àjọ NASA rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ méjì kan tó ń ṣíji bo ara wọn tún ń dín kù ní àwọn ìgbà mìíràn tí ìṣíjibò tiwọn kò lè ṣàlàyé. Ìràwọ̀ ńlá ibẹ̀ wúwo tó 0.69 oòrùn wa, kékeré wúwo tó 0.20. Àlàfo-ayé 0.224 ló wà láàárín wọn, ọjọ́ 41 ni wọ́n sì fi ń yí ara wọn po. Pílánẹ́ẹ̀tì náà wúwo bíi Sátọ̀nù, ó wà ní àlàfo-ayé 0.705, ó ń fi ọjọ́ 229 yí àwọn méjèèjì ká. Àlàfo yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà láàárín Àgùàlà àti oòrùn wa, àmọ́ àwọn ìràwọ̀ méjèèjì kò mọ́lẹ̀ tó oòrùn, nítorí náà òtútù ló wà níbẹ̀. Ní 2022, awò kan tí fífẹ̀ dígí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 193 ní Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé tún wọn bí pílánẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń mi ìràwọ̀ ńlá, láìgbára lé òjìji kankan, ìyẹn dídínkù ìmọ́lẹ̀ nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú ìràwọ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀nà méjì tí kò gbára lé ara wọn ló jẹ́rìí sí i.

Kí ni ìṣirò ààbò yẹn? Ní 1999, Matthew Holman àti Paul Wiegert fi kọ̀ǹpútà da àìmọye pílánẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìwúwo sí àyíká ìràwọ̀ méjì, wọ́n jẹ́ kí àwọn ìràwọ̀ náà yípo ní ìgbà 10,000, wọ́n wá wo èyí tó ṣẹ́ kù. Fún pílánẹ́ẹ̀tì tó wà ní ìta, ààlà ààbò jẹ́ àlàfo àárín ìràwọ̀ méjèèjì ní ìlọ́po 1.60 + 5.10e − 2.22e² + 4.12m − 4.27em − 5.09m² + 4.61e²m². Lẹ́tà e dúró fún bí ọ̀nà ìyípo àwọn ìràwọ̀ náà ṣe gùn tó. 0 túmọ̀ sí pé ó rí roboto, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ 1 ló ń fẹjú tó ń rí bọrọgidi. Lẹ́tà m ni ìpín tí ìràwọ̀ kékeré kó nínú ìwúwo àwọn méjèèjì. Fún Kepler-16, e jẹ́ 0.16, m sì jẹ́ 0.20 tí a fi 0.89 pín, ìyẹn 0.225. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe é dáadáa, wọn á rí 2.88. Ẹ fi 0.224 sọ ọ́ di púpọ̀, ààlà á di 0.645. Pílánẹ́ẹ̀tì wà ní 0.705, ó kọjá ààlà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi kọjá. Ẹ fi díẹ̀ yẹn sọ́kàn. Fún ìràwọ̀ méjì tó wúwo bákan náà tí ọ̀nà wọn sì rí roboto, ìlọ́po 2.4 ni ààlà. Bí e bá di 0.5, ó ń lọ sí 3.6.

Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ lè ṣe ìdánwò yìí fúnra yín pẹ̀lú REBOUND, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí òòfà ṣe ń darí àwọn ohun ọ̀run. Ọ̀fẹ́ ni, èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹ lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní IAS15, torí ó máa ń ké ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú fúnra rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá sún mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ fi ìràwọ̀ méjèèjì sí i, kí ẹ gbé ojúkò ìwúwo wọn sí òdo, kí ẹ tó fi pílánẹ́ẹ̀tì kún un. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í jù ni eré ìbẹ̀rẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì. Ìwúwo ìràwọ̀ méjèèjì, 0.89, ló yẹ kí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, èyí tó ń fún wọn ní nǹkan bíi kìlómítà 33.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá lo 0.69 ti ìràwọ̀ ńlá nìkan, pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní lè sáré tó. Á máa já wá sí nǹkan bí àlàfo-ayé 0.45, tí í ṣe inú ibi eléwu, àwọn ìràwọ̀ á sì jù ú nù. Onítọ̀hún á wá sọ pé òun ti fi ẹ̀rí hàn pé pílánẹ́ẹ̀tì olóòrùn méjì kò lè wà. Ẹ jẹ́ kó sáré títí dé ìyípo ìràwọ̀ 10,000, ìyẹn nǹkan bí 1,100 ọdún ti Kepler-16. Kí ẹ sì mọ̀ pé ààlà yẹn kì í ṣe ògiri: àwọn ibi tóóró kan wà lókè rẹ̀ tí iye ọjọ́ pílánẹ́ẹ̀tì bá ti bá ti àwọn ìràwọ̀ dọ́gba ní ìlọ́po 5 tàbí 6 gééré, tí ìtì àwọn ìràwọ̀ á máa bọ́ sójú kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀nà rẹ̀ á sì dàrú. Kepler-16b wà ní ìlọ́po 5.6, àárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ pé ó lè dúró ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bó ṣe dá sílẹ̀ ló kù, ibẹ̀ la ó sì ti pẹ́ jù. Ìràwọ̀ máa ń wá látinú àwọsánmà gáàsì tútù tó ń wó sínú ara rẹ̀. Bó ṣe ń wó, ó lè pín nígbà tó ṣì fẹ̀, kí ìràwọ̀ méjì tó jìnnà síra wọn jáde níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àwo gáàsì tó ń yí ọmọ ìràwọ̀ kan ká ló wúwo jù, tí apá kan rẹ̀ fi já tó di ìràwọ̀ mìíràn. Wọ́n ti rí irú èyí lójú ayé: ní 2016, àwọn onímọ̀ tó lo ALMA, àkójọ awò rédíò tó wà ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, ṣàfihàn L1448 IRS3B, ọmọ ìràwọ̀ mẹ́ta nínú àwo kan ṣoṣo. Gáàsì tó ṣẹ́ kù kò lè já bọ́ tààrà torí pé ó ń yí, nítorí náà ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú àwo yìí ni pílánẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Nínú nǹkan bí 100 ìpín rẹ̀, gáàsì kó 99. Ìpín kan péré ni eruku.

Níbi tí ìràwọ̀ bá ti jẹ́ méjì, àwo mẹ́ta ló lè wà: èyí kékeré yí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, èyí ńlá wà ní ìta tó yí méjèèjì po. Ìràwọ̀ kejì máa ń gé etí àwo kékeré, tó fi jẹ́ pé kì í sábà kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin àlàfo àárín wọn. Ní ti àwo ńlá, wọ́n á da ihò sí àárín rẹ̀, ihò tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta àlàfo wọn. Àmọ́ ihò yẹn kò ṣófo pátápátá. Gáàsì ń já gba inú rẹ̀ ní ìṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bá àwọn ìràwọ̀. DQ Tau ń fi èyí hàn dáadáa: ọjọ́ 15.8 ni ìràwọ̀ méjèèjì rẹ̀ fi ń yípo lórí ọ̀nà gígùn, nígbà tí wọ́n bá sì sún mọ́ra jù lọ ni ìmọ́lẹ̀ wọn sábà máa ń ru sókè, torí gáàsì tuntun ń bọ́ lé wọn lórí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ìlànà ìlọ́po méjì sí mẹ́ta yìí ń bá gbogbo ibi mu o. Ní GG Tau A, inú òrùka gáàsì àti eruku bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àlàfo-ayé 180, bẹ́ẹ̀ àlàfo tí a rí láàárín àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ kò ju bí 35 lọ. Ihò yẹn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a fà á. Ní HD 98800 pẹ̀lú, ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé àwo tó yí ìràwọ̀ méjì ibẹ̀ ká dúró lóròó sí ọ̀nà ìyípo wọn, kò tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà rárá.

Nínú àwo, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eruku tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Irú wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra láìsí wàhálà, títí wọn á fi tó mìlímítà mélòó kan. Láti ibẹ̀, bí wọ́n bá kọlu ara wọn, wọ́n á kàn ta padà ni. Ìṣòro kejì ni pé gáàsì ń lọ díẹ̀díẹ̀ ju òkúta lọ, torí ìfúnpá tirẹ̀ ń gbé e, kò sì sí ohun tó ń gbé òkúta. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bíi mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń di atẹ́gùn tó ń dojú kọ òkúta. Ní ibi tí ayé wa wà, òkúta tó fẹ̀ ní mítà kan lè tipa bẹ́ẹ̀ já wọ inú oòrùn láàárín bí 100 ọdún. Ohun tí púpọ̀ nínú wa gbà báyìí ni pé òkúta wẹ́wẹ́ máa ń kóra jọ ní òjìjì, níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ tó láti fa gáàsì lọ́wọ́, tí òòfà ara wọn á sì wó wọn pọ̀ di àpáta tó tó 100 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan náà. Àpáta wọ̀nyẹn ni wọ́n á wá máa gbé àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yòókù mì. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí kí gáàsì tó tán, láàárín mílíọ̀nù ọdún mélòó kan.

Ẹ wá fi ìràwọ̀ kejì kún un. Ìgbọ̀nrìrì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń jẹ́ kí ọ̀nà àpáta kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀, kò ní rí roboto. Níbi tí Kepler-16b wà, e tí àwọn ìràwọ̀ ń fi tipátipá fún àpáta tó nǹkan bí 0.03. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n bí àpáta bá ń sá kìlómítà 33 ní ìṣẹ́jú àáyá, 0.03 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà kan. Kì í ṣe gígùn ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fa ìjàǹbá. Ẹ wo mọ́tò lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn: bí gbogbo wọn bá ń sáré 100 sí ọ̀nà kan náà, bí méjì bá tilẹ̀ fara kanra, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju kíkùn tó họ lọ, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ló ń pààyàn. Bí ọ̀nà gbogbo àpáta bá gùn sí ìhà kan náà, wọ́n á máa kọlu ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Gáàsì ló ń ba èyí jẹ́, ó sì ya ènìyàn lẹ́nu, torí ẹ̀yin náà lè rò pé gáàsì á tù wọ́n lójú. Ó ń tu àpáta tó bá ara wọn dọ́gba lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fa kékeré ju ńlá lọ, nítorí náà ọ̀nà kékeré á kọjú síbìkan, ti ńlá á kọjú síbòmíràn. Bí àpáta kìlómítà 1 bá pàdé ti kìlómítà 5, eré ìkọlù lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà àpáta tó jìn ní kìlómítà 1 láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀yìn kò sì lè di ohunkóhun tó ń sá ju mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá mú. Fífọ́ ni wọ́n á máa fọ́, wọn ò ní dàgbà.

Ẹnì kan á ní, àbí wọn ò ti fo kìlómítà 1 kọjá, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 100? Ìdáhùn tó dára ni, torí àpáta 100 kìlómítà lè di ohun tó ń sá ju mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá mú. Àmọ́ nítòsí ihò àárín, òkúta wẹ́wẹ́ gan-an kò ní ìsinmi. Àwo gáàsì ibẹ̀ fúnra rẹ̀ di bọrọgidi, ìrúkèrúdò inú rẹ̀ sì ń gbọn eruku sókè sílẹ̀, kò jẹ́ kó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ó ti lè kóra jọ. Òótọ́ ni pé etí ihò lè dá òkúta dúró torí ìfúnpá pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan sì gbà pé ìyẹn tó láti bí pílánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Èmi ò rò pé ó tó. Níbi tí òkúta ti dúró náà ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n jù lọ.

Ọ̀nà àbáyọ tí ẹ̀rí ń tì lẹ́yìn jù ni pé wọ́n bí pílánẹ́ẹ̀tì náà sí òkèèrè nínú àwo, níbi tí ìgbọ̀nrìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí omi sì ti dì, tó fi jẹ́ pé nǹkan líle pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí wá sínú. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá ti wúwo tó ayé wa ní ìlọ́po mélòó kan máa ń ta ìgbì sínú gáàsì, ìgbì náà á sì máa já agbára ìyípo rẹ̀ gbà, á máa sún un wọlé. Láìsí ohun tó dá a dúró, ó lè fi nǹkan bí 100,000 ọdún rin ìrìn náà. Níbi ìràwọ̀ méjì, etí ihò ló ń dá a dúró: gáàsì tán lójijì, ìgbì tó wà níwájú àti tẹ̀yìn kò tún borí ara wọn mọ́. Nítorí náà kò ní yà yín lẹ́nu pé Kepler-16b jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà gan-an. Kepler-35b, Kepler-38b àti àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rí kejì ni ìwúwo wọn. Nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tó Sátọ̀nù lè dúró sétí ihò, ṣùgbọ́n èyí tó tó Júpítà sábà máa ń wọ inú rẹ̀ jù, kí àwọn ìràwọ̀ tó jù ú nù. Púpọ̀ nínú àwọn tí Kepler rí kò sì tó Júpítà. Kepler-1647b tó jù ú lọ wà lọ́nà jíjìn réré, ọjọ́ 1,107 ló fi ń yípo.

Kí n sọ ibi tí àlàyé yìí ti lè jó rẹ̀yìn. Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí kò tó ogún tí òjìji fi hàn wá. Òjìji sì ń ṣojúsàájú: pílánẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ìràwọ̀ ló rọrùn láti kọjá níwájú rẹ̀, òun náà ló ń kọjá léraléra. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn wà lókèèrè tí a kò rí, kí ìkójọ sétí ààlà yẹn sì jẹ́ ohun tí ọ̀nà ìwádìí wa fà. Òjìji pàápàá kì í dúró síbìkan: ọ̀nà Kepler-16b ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣirò sì fi hàn pé ó ṣíwọ́ kíkọjá níwájú ìràwọ̀ ńlá ní 2018, kò sì ní padà títí di nǹkan bí 2042. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lónìí kò ní rí nǹkan kan, á sì ṣírò ibẹ̀ mọ́ ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì kò sí. Ìdí nìyí tí wíwọn ìmì ìràwọ̀ fi ṣe pàtàkì. Ní TOI-1338, òjìji fi pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń fi ọjọ́ 95 yípo hàn, ìmì ìràwọ̀ wá fi òmíràn tó ń fi ọjọ́ 215 yípo hàn ní 2023. Èkejì yẹn kò ju òjìji kankan tí a rí. Kepler-47 tilẹ̀ ní pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ọjọ́ 49.5, 187 àti 303. Ó ṣòro fún mi láti rí bí mẹ́ta ṣe lè tò lẹ́sẹẹsẹ báyẹn bí kò bá ṣe pé inú àwo tó tutù díẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Ohun kan tún wà tí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po láàárín ọjọ́ mélòó kan pọ̀ gan-an lójú awò Kepler, òjìji pílánẹ́ẹ̀tì wọn ló sì yẹ kó rọrùn jù, síbẹ̀ kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan tí wọ́n rí lọ́nà yìí ní àyíká èyí tí ìyípo rẹ̀ kò tó ọjọ́ 7. Kepler-47, ọjọ́ 7.45, ló kúrú jù. Ó jọ pé ìràwọ̀ kẹta ló fa àìsí yìí. Nínú ìràwọ̀ méjì tí ìyípo wọn kò tó ọjọ́ 3, nǹkan bí 96 nínú 100 ló ní ẹ̀kẹta lókèèrè. Ẹ̀kẹta yìí á máa tẹ ọ̀nà àwọn méjì náà gùn, wọ́n á máa kọjá nítòsí ara wọn gan-an, ìfàgbà òòfà á sì fa ọ̀nà wọn kúrú títí wọn á fi sún mọ́ra bẹ́ẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá wà láàárín irú ìrúkèrúdò bẹ́ẹ̀, kó sọ nù ni, tàbí kí ọ̀nà rẹ̀ dagun tí kò fi ní ju òjìji sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ìhà kejì ni ti pílánẹ́ẹ̀tì tó fara mọ́ ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Bí èkejì bá wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlàfo-ayé sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ìbíni lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó lè tẹ ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì gùn, bí àwọn kan ṣe fura pé ó ṣẹlẹ̀ sí èyí tó wà lẹ́bàá 16 Cygni B. Ibi tó ti le ni nígbà tí àlàfo bá kéré sí nǹkan bí 50. Ìwádìí kan lórí ìràwọ̀ tí Kepler wò fi hàn ní 2016 pé bí ìràwọ̀ kejì bá wà nínú àlàfo-ayé 47, pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tó yẹ lọ. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́: àwo tí wọ́n gé kúrú kì í pẹ́ gbẹ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwo wọn ti tán láàárín mílíọ̀nù ọdún kan, kí iṣẹ́ tó já sí nǹkan kan.

Alpha Centauri ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ìràwọ̀ méjì rẹ̀, A àti B, ń fi nǹkan bí 80 ọdún yí ara wọn po, wọ́n ń sún mọ́ra dé àlàfo-ayé 11, wọ́n sì ń jìnnà dé bíi 36. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá fara mọ́ A lè dúró láìséwu títí dé nǹkan bí 2.8. Nítorí náà ibi tó bá ayé wa mu wà ní ààbò, àmọ́ ìṣirò ìkọlù kò fọkàn tán an rárá pé àpáta lè dàgbà níbẹ̀. Ní 2012, wọ́n kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́bàá B. Ní 2015, àtúnyẹ̀wò fi hàn pé bí wọ́n ṣe pín àkókò ìwòran ló bí àmì náà, kò sí pílánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ní 2025, wọ́n sọ pé awò James Webb rí nǹkan tó lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá lẹ́bàá A, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ, torí nígbà tí wọ́n tún wò, wọn ò rí i mọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti rìn sún mọ́ ìràwọ̀ jù, ó sì lè má sí.

Gamma Cephei kò ní irú iyèméjì yẹn. Ìfura bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ó sì fìdí múlẹ̀ ní 2003: pílánẹ́ẹ̀tì tó ju Júpítà lọ, ní nǹkan bí àlàfo-ayé 2, ń yí ìràwọ̀ tí èkejì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 20 péré. Ààlà ààbò tó jẹ́ bí 3.9 gbà á láyè. Bó ṣe débẹ̀ ló ń yọni lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé ìràwọ̀ méjèèjì jìnnà síra nígbà tí wọ́n bí i, tí ìràwọ̀ mìíràn nínú àwùjọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ sì wá tì wọ́n sún mọ́ra. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Gamma Cephei nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, oríire kan náà kò sì lè máa bá gbogbo wọn. Àwọn kan ní gáàsì ló wó pọ̀ lójú kan tó di pílánẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àpáta. Ìyẹn nílò àwo tó wúwo, tó tutù, tó sì fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìràwọ̀ kejì ń gbà lọ́wọ́ àwo gan-an nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni pé òòfà àwo gáàsì fúnra rẹ̀ ń yí ọ̀nà àwọn àpáta kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ìràwọ̀ kejì kò fi ráyè tẹ̀ wọ́n gùn, kí wọ́n lè kọlu ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun ni mo fara mọ́ jù, nítorí kò nílò oríire kankan. Ohun tó ń béèrè ni àwo tó wúwo tó ìdá mélòó kan nínú 100 oòrùn, tó sì rí roboto, láàárín àlàfo tí kò ju 4 sí 5 lọ. Irú àwo kékeré bẹ́ẹ̀ ni ALMA kò tíì lè fi ìdánilójú wọn ìwúwo gáàsì rẹ̀, torí pé ó pọ̀ níbi kékeré débi pé ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ráyè jáde.